8 − 2 × 3 + 4 ÷ 2: 4 ni àbí 11 àbí òdo? Ẹ bá wa dá sí i

Alága Aṣọ (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ló ju ìṣirò yìí sínú gúrúùpù WhatsApp rẹgbẹrẹgbẹ wa lálẹ́ àná, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó lọ ilé ìwé nínú wa:

8 − 2 × 3 + 4 ÷ 2 = ?

Láti ìgbà yẹn la ò ti sọ̀rọ̀ Ojúde Ọba mọ́, a ò sọ ti aṣọ, a ò sọ ti owó, ìjà ìṣirò là ń jà. Àwọn kan ní 11, àwọn kan ní 4, bàbá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ní òdo ni, inú sì ń bí wọn pé ọmọ kékeré ń bá àwọn jiyàn. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé mo tẹ̀ ẹ́ sórí kálíkúlétọ̀ tí mo fi ń ṣírò owó aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, 11 ló gbé jáde, mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, 4 ló gbé jáde. Ẹ jọ̀ọ́ ta ló gbà á nínú wa, kí ló sì dé tí ẹ̀rọ méjì ń sọ ọ̀rọ̀ méjì, mo fẹ́ kó ìdáhùn yín lọ bá wọn lọ́hùn-ún ká lè padà sórí ọ̀rọ̀ aṣọ.

Ọmọ Ìperu:
4 ni. BODMAS. Ó tán.

Gàrí Ìjẹ̀bú:
Ó tán bíi báwo? 11 ni jàre. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lèèyàn á ṣe kà á. 8 yọ 2, ó ku 6. 6 lọ́nà 3, 18. Fi 4 kún un, 22. Pín in sí méjì, 11. Kí la tún ń wá lọ sókè sódò.

Tísà Máàsì (Ìkẹ́nnẹ́):
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ọmọ Ìperu gbà á, 4 ni, ṣùgbọ́n BODMAS tó dárúkọ yẹn (lẹ́tà tí wọ́n fi kọ́ wa ní èyí tó ń ṣíwájú nínú ìṣirò: B bírákẹ́ẹ̀tì, D ìpín, M táìmìsì, A àròpọ̀, S àyọkúrò) náà ló kó bàbá tó ní òdo síta, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Nínú ìṣirò tí kò ní bírákẹ́ẹ̀tì, táìmìsì àti ìpín ló kọ́kọ́ ń jẹun, àròpọ̀ àti àyọkúrò á dúró dè wọ́n. Torí náà ẹ wá 2 × 3, ó di 6. Ẹ wá 4 ÷ 2, ó di 2. Ohun tó kù sílẹ̀ ni 8 − 6 + 2. Ìsinsìnyí lẹ wá máa kà á láti òsì lọ sí ọ̀tún: 8 yọ 6, ó ku 2, 2 àti 2 jẹ́ 4.

Bàbá tó ní òdo, mo mọ ibi tí wọ́n gbà. Wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa títí tí wọ́n fi dé 8 − 6 + 2, wọ́n wá rántí pé nínú BODMAS, A wà níwájú S, ni wọ́n bá kọ́kọ́ ro 6 àti 2 pọ̀, ó di 8, wọ́n yọ ọ́ nínú 8, òdo dé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó mọ BODMAS lórí bí omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe kọ́ wa lórin nìyẹn, lẹ́tà kan tẹ̀ lé ìkejì. Bẹ́ẹ̀ A àti S ẹgbẹ́ ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ju ẹnì kan lọ nínú wọn, èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bá láti apá òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. D àti M náà ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Gàrí Ìjẹ̀bú:
Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ta ló sọ pé táìmìsì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun? Ọlọ́run ló sọ ọ́ ni?

Ìyá Ìbejì (Ṣàgámù):
😂😂 ìbéèrè tí Táyé mi bi mí gẹ́lẹ́ nìyẹn, mi ò rí èsì kankan fọ̀, mo ní kó lọ wẹ̀.

Tísà Máàsì (Ìkẹ́nnẹ́):
Àdéhùn ni, èèyàn ló fẹnu kò sí i, ṣùgbọ́n wọn ò kàn fẹnu kò bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ wò ó. Ẹ gba ọjà Òkè-Àjé lọ, ẹ ra kóńgò ẹ̀wà kan, ká ní ₦2,000, ẹ wá ra kóńgò gàrí mẹ́ta, ká ní ₦900 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fẹ́ kọ iye owó yín sílẹ̀, ẹ máa kọ:

2,000 + 3 × 900

Ọ̀gbẹ́ni Gàrí, tẹ́ ẹ bá kà á láti òsì bí ẹ ṣe wí, ẹ máa kọ́kọ́ ro 2,000 pọ̀ mọ́ 3. 2,000 yẹn náírà ni. 3 yẹn kóńgò ni. 2,003 kí ni? Náírà ni àbí kóńgò? Ẹ bá tún wá fi 900 lu ìyẹn, owó yín á di ₦1,802,700, gàrí kóńgò mẹ́ta. Ìyálọ́jà gan-an á ní kẹ́ ẹ jókòó kí wọ́n fún yín lómi tútù. 3 àti 900 yẹn ara kan náà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ gàrí ni àwọn méjèèjì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀ kó tó di náírà, ìgbà tó bá di ₦2,700 ló tó lè lọ dúró ti ₦2,000 ẹ̀wà. Gbogbo ẹ̀ ₦4,700.

Táìmìsì, àròpọ̀ tí wọ́n ká kò ni. 3 × 900 kò ju 900 + 900 + 900 lọ. Ẹ tú u ká, ìṣirò yẹn di 2,000 + 900 + 900 + 900, ibi tó wù yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí rò ó, 4,700 náà ló máa jẹ́.

Gàrí Ìjẹ̀bú:
Hmm. Mo gbọ́ ti gàrí yẹn. Ẹ tún wá orúkọ mi lò o, Tísà.

Kọ̀ǹpútà Ilíṣàn:
Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ méjì tí Alága Aṣọ sọ ni mo fẹ́ dáhùn torí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án. Àwọn kálíkúlétọ̀ kéékèèké tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní bọ́tìnì ńláńlá, kì í dúró dè yín. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ 8 − 2, tẹ́ ẹ wá tẹ ×, ó ti ṣírò 8 − 2 tán, 6 ló ti wà lójú ẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan míì ń bọ̀. Bó ṣe ń bọ̀ ló ṣe ń gbé e mì. Ti fóònù, tàbí àwọn sáyẹ́ńtífíìkì tí àwọn ọmọ fi ń ṣe WAEC, máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ BODMAS.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá tiyín mọ̀, ẹ tẹ 2 + 3 × 4. Tó bá ní 14, ó mọ̀ ọ́n. Tó bá ní 20, ó ń gbé e mì bó ṣe ń bọ̀. Kálíkúlétọ̀ tó wà nínú Windows gan-an, tẹ́ ẹ bá fi sí Standard, 20 ló máa sọ, tẹ́ ẹ bá yí i sí Scientific, 14. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo o.

Akápò Ẹgbẹ́:
Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, torí ọ̀rọ̀ owó lèyí. Ẹ jẹ́ n fi ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ akápò han Alága Aṣọ, torí mo mọ̀ pé òun náà á ti máa bá a pàdé.

Ká ní aṣọ jẹ́ ₦12,000, gèlè ₦5,000, àwa ogójì la máa rà á. Ẹ gbé fóònù, ẹ tẹ 12,000 + 5,000 × 40. Fóònù á ní ₦212,000. Inú ẹgbẹ́ á dùn, wọ́n á ní aṣọ ọdún yìí mà pọ́ọ́kú. Ẹ gbé kálíkúlétọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ ohun kan náà, á ní ₦680,000. Èwo lẹ máa san fún oníṣòwò? ₦680,000 ni o, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gba aṣọ, á gba gèlè, ₦17,000 lórí èèyàn ogójì. Fóònù tó mọ BODMAS yẹn, ó ra gèlè fún èèyàn ogójì, ó wá ra aṣọ fún ẹyọ ẹnì kan.

Kì í ṣe pé fóònù ṣì í ṣe o, ohun tẹ́ ẹ kọ fún un ló ṣe. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ni (12,000 + 5,000) × 40. Kẹ́ ẹ fi bírákẹ́ẹ̀tì há wọn pọ̀, kò sí ẹ̀rọ tó máa kà á sódì.

Alága Aṣọ (Ìjẹ̀bú-Òde):
Haaa. Akápò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí sókè, àwọn kan ń ka ìwé owó wa lọ́wọ́ lọ́wọ́.

Ọmọ Ìperu:
Kò burú, mo ti gbà pé kò tán 😅. Ẹ wá gbọ́ Tísà, ẹ ní D àti M ẹgbẹ́ ni. Kí ló wá dé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe tiwọn ní PEMDAS, tí M wá ṣíwájú D? Ṣé ìdáhùn tiwọn yàtọ̀ ni?

Tísà Máàsì (Ìkẹ́nnẹ́):
Ìbéèrè gidi. Kò yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ni D àti M lọ́dọ̀ tiwọn náà, bí wọ́n ṣe tò ó lẹ́tà ló yí padà. P wọn ni bírákẹ́ẹ̀tì, E wọn ni àwọn nọ́ńbà kékeré tó máa ń wà lókè. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ mi ní kíláàsì, ó dùn mọ́ mi púpọ̀.

Ẹni tó bá gba BODMAS bíi òfin lẹ́tà, tó ń ṣe ìpín ṣíwájú táìmìsì nígbà gbogbo, kò ní kó sí wàhálà kankan. 12 ÷ 3 × 2, ó pín 12 sí 3, ó di 4, ó fi 2 lù ú, 8. Dáadáa. 12 × 6 ÷ 3, kódà tó bá kọ́kọ́ pín 6 sí 3, ó di 2, 12 lọ́nà 2 jẹ́ 24, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òsì náà á rí 72 ÷ 3, 24. Ó ń jà án mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba PEMDAS bíi òfin lẹ́tà, 12 ÷ 3 × 2, á kọ́kọ́ ṣe 3 × 2, ó di 6, 12 ÷ 6, 2. Ó ti jábọ́. Torí náà ibi tí lẹ́tà wa ti ń kó wa síta kì í ṣe D àti M, A àti S ni. 10 − 3 + 2, ẹ dá a sílẹ̀ ní kíláàsì, ẹ wò ó, ìdajì àwọn ọmọ ló máa pariwo 5. Èsì ni 9.

Ìyá Ìbejì (Ṣàgámù):
Ìyẹn gan-an ni Táyé. Kẹ́hìndé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Táyé ni. Tísà ẹ jọ̀ọ́ báwo lèèyàn ṣe ń yọ ọ́ lórí ẹ̀, primáárì 5 ni wọ́n wà, mo ti pariwo títí ohùn mi fi há.

Ìyálọ́jà Kékeré:
Màmá Ìbejì, ẹ jẹ́ n gba Tísà lẹ́nu díẹ̀. Èmi ò ka máàsì dé ibi kankan ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka owó ọjà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ ní kó ka àmì tó wà níwájú nọ́ńbà mọ́ nọ́ńbà yẹn. 10 − 3 + 2: 10 wọlé, 3 jáde, 2 wọlé. Ẹ ní kó kọ gbogbo owó tó wọlé sí apá kan, 10 àti 2, ó jẹ́ 12. Kó kọ èyí tó jáde sí apá kejì, 3. Ó ku 9. Kò ní sí àríyànjiyàn pé èwo ló ṣíwájú, owó tó wọlé wọlé, èyí tó jáde jáde. Ìṣirò tí Alága gbé wá yẹn náà, 8 wọlé, 6 jáde, 2 wọlé. 8 àti 2 jẹ́ 10, ẹ yọ 6, ó ku 4. Bàbá oníbáńkì yẹn, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó 2 tó wọlé lọ kún èyí tó jáde. Oníbáńkì o 🤦🏾‍♀️

Tísà Máàsì (Ìkẹ́nnẹ́):
Ẹ ṣé Ìyálọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, mi ò lè sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá Ìbejì, ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́, ẹ ra pẹ́ńsùlù fún un, ẹ ní kó fàlà sábẹ́ ibi tó fẹ́ ṣe, ibẹ̀ nìkan ni kó ṣe, kó wá tún gbogbo ìlà yẹn kọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ibẹ̀ dà. Gbogbo ẹ̀ o, kó má fo ìkankan. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ kọ ọ́, wọ́n á ní ìwé ń tán, wọ́n á máa ṣe méjì mẹ́ta pọ̀ lórí, ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń sọnù.

8 − 2 × 3 + 4 ÷ 2
8 − 6 + 4 ÷ 2
8 − 6 + 2
2 + 2
4

Ìkejì, ẹ má jẹ́ kó máa kọ àmì = bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ ọ́: 2 × 3 = 6 + 8 = 14. Ẹ wo ohun tó kọ, ó ní 2 lọ́nà 3 dọ́gba pẹ̀lú 14. Àmì = yẹn, ọkùnrin ará Wales kan tí wọ́n ń pè ní Robert Recorde ló gbé e jáde nínú ìwé ẹ̀ ní 1557, ó ní ìlà méjì tó rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lòun lò torí kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba ju ìyẹn lọ. Ohun tó bá wà ní òsì ẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó wà ní ọ̀tún. Kì í ṣe «ó wá kan».

Bàbá Odógbolú:
Ẹ kú ìṣirò o. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti gbàgbé O tó wà nínú BODMAS. Nígbà tiwa, «Of» ni wọ́n pè é. 24 ÷ ½ of 6, ẹ ṣe é kí n rí i.

Ọmọ OOU:
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Táìmìsì ṣáà ni of. 24 ÷ ½ jẹ́ 48, 48 × 6 jẹ́ 288.

Bàbá Odógbolú:
Ó di ọ̀la. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa, of ń ṣíwájú ìpín. Ìdajì 6 ni 3, 24 pín sí 3, ó jẹ́ 8. Ìdajì 6 yẹn, nǹkan kan ni, ẹ ò lè gé e sí méjì. Lónìí mo rí i pé àwọn tísà ń pe O yẹn ní Orders, pé àwọn nọ́ńbà kékeré orí ni, bíi 3². Kò burú, ìyẹn náà ń ṣíwájú ìpín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí of nínú ìwé àtijọ́, ẹ mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn baba wa ò kọ BODMAS síbì kankan, wọ́n sì ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ ka 65 fún mi ní Yorùbá. Márùndínláàádọ́rin. Ìṣirò ibẹ̀ ni 20 × 4 − 10 − 5: ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ẹ yọ mẹ́wàá, àádọ́rin, ẹ yọ márùn-ún. Táìmìsì ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, àyọkúrò wá tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ 5 nínú 10, á rí 20 × 4 − 5, ìyẹn 75, owó ọjà ti lé mẹ́wàá nìyẹn.

Gàrí Ìjẹ̀bú:
Bàbá ẹ ò ní kú léwe. Èyí wọ̀ mí lára ju ti gàrí lọ.

Ọmọ OOU:
Ó dáa, mo gbà fún Bàbá. Ẹ wá yanjú èyí fún mi, torí òun ló dá ìjà sílẹ̀ lórí Twitter ní 2019, gbogbo ayé ló jà á:

8 ÷ 2(2 + 2)

Èmi ní 16. Rúùmù méètì mi ní 1. A ò tíì sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí.

Kọ̀ǹpútà Ilíṣàn:
16. Bírákẹ́ẹ̀tì, 4. 8 ÷ 2 × 4, láti òsì, 4 × 4, 16.

Ọmọ Ìperu:
1. 2(4) yẹn lẹ̀ mọ́ra ni, 8 ni. 8 ÷ 8.

Tísà Máàsì (Ìkẹ́nnẹ́):
Ẹ rọra. Ẹ̀yin méjèèjì ló ní ẹ̀rí tiyín. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin tá a ti ń sọ láti òwúrọ̀, pé D àti M ẹgbẹ́ ni, òsì ló ti máa bẹ̀rẹ̀, 16 ló máa rí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé algebra àti físíìsì, nígbà tí wọ́n bá lẹ nọ́ńbà mọ́ lẹ́tà tàbí mọ́ bírákẹ́ẹ̀tì láìkọ × sáàárín, ọ̀pọ̀ máa ń ka àwọn méjèèjì sí ẹyọ kan. Ẹni tó kọ 1/2n, 1 pín sí 2n ló ní lọ́kàn, kì í ṣe ìdajì n. Ẹni tó ń ka físíìsì ní OOU á ti bá a pàdé. Lọ́nà ìyẹn, 1 náà ní ẹsẹ̀. Kálíkúlétọ̀ sáyẹ́ńtífíìkì pàápàá ò fẹnu kò: àwọn kan á ní 16, àwọn kan á ní 1, ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ̀bi yẹn ti ẹni tó kọ ọ́ ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ÷ síbẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ × kúrò, ó wá jókòó ó ń wo bí a ṣe ń jà. Àwọn tó ń fi ìṣirò ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ lo ÷ rárá, ìlà gbọọrọ ni wọ́n ń fà, nǹkan kan lókè, nǹkan kan nísàlẹ̀, ojú á ti rí ohun tí wọ́n fi pín kí. Tí wọ́n bá bi yín irú ẹ̀ lórí Facebook, ẹ ní kí ẹni náà lọ fi bírákẹ́ẹ̀tì sí i kó tó padà wá. (8 ÷ 2)(2 + 2) jẹ́ 16. 8 ÷ (2(2 + 2)) jẹ́ 1. Kò sí ìjà mọ́.

Ọmọ OOU:
Mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Ó ti blue tick, kò fèsì.

Kọ̀ǹpútà Ilíṣàn:
Tísà, mo gbà fún ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan sí i fún àwọn tó ń lo Excel, torí ó máa ń dààmú àwọn ọmọ tó ń wá tẹ project lọ́dọ̀ wa. Ẹ tẹ =-3^2 sínú Excel, á ní 9. Ẹ tẹ -3^2 sínú Google, á ní −9. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé ni −9, pé 3² ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, máínọ́ọ̀sì wá tẹ̀ lé e. Excel tirẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lẹ máínọ́ọ̀sì iwájú mọ́ nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ −9 nínú Excel, kó tẹ =-(3^2).

Ìyá Ìbejì (Ṣàgámù):
Mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹ tún bá mi wo èyí, àbúrò mi ló fi ránṣẹ́, ó ní ẹni tó bá gbà á òun á se ìkọ́kọrẹ́ fún un, mo sì mọ̀ pé kò ní sè é.

🍊 + 🍊 + 🍊 = 30
🍊 + 🍌 + 🍌 = 18
🍌 − 🥥 = 2
🥥 + 🍊 × 🍌 = ?

Ó ní kí n wo àwòrán dáadáa. Ní ìlà ìkẹyìn, àgbọn yẹn ìlàjì kan ló kù níbẹ̀, èyí tó wà lókè ìlàjì méjì ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ òkè ní ìka mẹ́rin, ti ìsàlẹ̀ mẹ́ta.

Ìyálọ́jà Kékeré:
Ẹ̀mí àwọn tó ń ṣe àwòrán yìí! Ọsàn 10. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì jẹ́ 8, ọ̀kan 4, ìka mẹ́rin, ìka kan 1. Àgbọn 2, ìlàjì kan 1. Ìlà ìkẹyìn ni 1 + 10 × 3. 31.

Akápò Ẹgbẹ́:
31 ni. Pańpẹ́ méjì ló dẹ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá wo àwòrán á ní 2 + 10 × 4, 42. Ẹni tó wo àwòrán ṣùgbọ́n tó kà á láti òsì á ní 33. Mo fẹ́ràn irú èyí ju 8 ÷ 2 yẹn lọ, ojúlówó pańpẹ́ ni, ẹni tó bá fara balẹ̀ á bọ́.

Ọmọ Ìperu:
Èyí tó dùn jù lọ tí mo tíì rí rèé. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: «230 − 220 ÷ 2. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ìdáhùn ẹ̀ ni 5!» Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí bú u pé òpè, pé 220 ÷ 2 ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, 110, pé 120 ni ìdáhùn.

Gàrí Ìjẹ̀bú:
120 náà ni. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ ò lè rí mi mú. Kí ló dùn níbẹ̀?

Ọmọ Ìperu:
Àmì ìyanu yẹn wà lára ìdáhùn ni. Nínú máàsì, 5! ni 5 × 4 × 3 × 2 × 1. Ẹ lù ú.

Gàrí Ìjẹ̀bú:
120 😳
Ẹ ò ní dáa.

Tísà Máàsì (Ìkẹ́nnẹ́):
😂 Mo máa gbé ìyẹn lọ kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Màmá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n láìsí pé ẹ ń pariwo, ẹ fún wọn ní 4 mẹ́rin, ẹ ní kí wọ́n fi àmì tó bá wù wọ́n sáàárín wọn, kí wọ́n fi dé orí nọ́ńbà láti 1 títí dé 10. 4 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, kò gbọ́dọ̀ lé kò gbọ́dọ̀ dín, wọ́n lè lẹ méjì pọ̀ kó di 44. Mo máa fún yín ní díẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣí wọn lójú: 44 ÷ 44 jẹ́ 1. 4 ÷ 4 + 4 ÷ 4 jẹ́ 2. (4 + 4 + 4) ÷ 4 jẹ́ 3. Ẹ wo 3 yẹn dáadáa, ẹ yọ bírákẹ́ẹ̀tì kúrò, ó di 4 + 4 + 4 ÷ 4, 9 nìyẹn. Bírákẹ́ẹ̀tì kan ló ya 3 àti 9 sọ́tọ̀. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ rí ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún kọ́ ọ ní orin kankan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìyókù fúnra wọn, 10 yẹn máa fún wọn níṣẹ́ díẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ṣàgámù):
Ẹ ṣé gan-an ni Tísà, Ọlọ́run á bù kún yín. Kẹ́hìndé ti gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ti bẹ̀rẹ̀.

Alága Aṣọ (Ìjẹ̀bú-Òde):
Mo ti kó o lọ bá wọn. Mo ní 4 ni, mo lẹ ti owó tó wọlé àtèyí tó jáde yẹn mọ́ ọn. Bàbá oníbáńkì ò bá mi jà, wọ́n kàn fi èyí ránṣẹ́ padà pé kí n gbé e fún àwọn tó ń kọ́ mi: 1, 3, 4, 6, ẹ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ rò, ẹ yọ, ẹ lù, ẹ pín, kó jẹ́ 24.

Ọmọ OOU:
6 × 4 × 1… 3 ló kù. Rárá. 6 × 3 + 4… 22, fi 1 kún un, 23. Ah! Bàbá yìí ò dáa.

Kọ̀ǹpútà Ilíṣàn:
Mo ti wà lórí ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jẹun ọ̀sán. Kò ṣeé ṣe.

Akápò Ẹgbẹ́:
Ó ṣeé ṣe, ẹ ò fẹ́ fọwọ́ kan ìpín tí kò ní jẹ́ odidi nọ́ńbà ni. 24 máa ń wá láti ara 6 tẹ́ ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin (¼) pín in, 6 ÷ ¼. Ẹ wá ¼ yẹn lára 1, 3 àti 4.

Ìyálọ́jà Kékeré:
3 pín sí 4, kọ́bọ̀ 75 nínú náírà kan. Yọ ọ́ nínú náírà 1, ó ku kọ́bọ̀ 25.

6 ÷ (1 − 3 ÷ 4)

Nínú bírákẹ́ẹ̀tì, ìpín ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, 0.75, ẹ wá yọ ọ́, 0.25. 6 ÷ 0.25 jẹ́ 24. Alága, ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní oníṣòwò kan ní ọjà ló ṣe é.